“Mo Ti Dé,” “Káàbọ̀”: Ìrìn Àjò Wa sí Ilẹ̀ Àwọn Anime

Bí ọmọ yín bá ti tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ, àfàìmọ̀ ni anime ò ti wọlé yín. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ọmọ kan nílé ìwé ló máa dárúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó bá fi máa di Sátidé, pálọ̀ yín á ti kún fún ọ̀dọ́mọkùnrin onírun pupa tó ń pariwo kó tó ja ìjà. Ọ̀pọ̀ òbí ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá nǹkan yìí dáa fún ọmọ. Èmi tí mò ń wò ó láti kékeré, tí mo tún wá ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má retí pé mo máa ní kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Mo kàn fẹ́ mú yín dé àwọn ibi tí díẹ̀ nínú àwọn eré yìí ti wá, kí n sì sọ èyí tí ẹ lè jókòó ti ọmọ yín wò. Mo tún fẹ́ sọ ìdí tí mo fi gbà pé Yorùbá wúlò nídìí rẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwa mẹ́ta la lọ sí Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin: èmi, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti màmá mi. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí ìyàwó mi lè wá. Màmá mi ní òun ò mọ nǹkan kan nípa kátúùnù, òdòdó igi sakura lòun fẹ́ fojú ara òun rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Màmá máa ń bá ọmọ yìí sọ Yorùbá, ọmọ á sì dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń gbọ́ ọ dáadáa o, kò kàn kì í sọ ọ́ ni. Ọmọ yìí kan náà wá mọ ọ̀rọ̀ èdè Japan bí ogójì, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó ń dun màmá mi, kò kàn sọ ọ́ síta ni.

Mi ò kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Akihabara, níbi tí gbogbo àlejò máa ń sáré lọ. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, iná pọ̀, ṣọ́ọ̀bù gun orí ṣọ́ọ̀bù. Wákàtí kan ti tó, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí owó yín tán. Sakura-shimmachi la lọ, àdúgbò jẹ́jẹ́ kan ní Setagaya, nínú Tokyo níbẹ̀. Ìlú Sazae-san nìyẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hasegawa Machiko ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn ní 1946. Ó di anime orí tẹlifíṣọ̀n ní 1969, títí di òní olónìí ni wọ́n sì ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kò sí eré àwòrán mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n láyé yìí tó pẹ́ tó o. Ẹ ò ní rí ẹ̀mí òkùnkùn níbẹ̀, ẹ ò ní rí idà. Ọ̀rọ̀ ilé ni: ta ló jẹ búrẹ́dì tó kù, ta ló gbàgbé agbòjò sínú ọkọ̀.

Ère ìdílé yẹn wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọ mi ń dárúkọ wọn fún ìyá àgbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Sazae, Masuo ọkọ rẹ̀, Tara ọmọ wọn, bàbá àti ìyá Sazae, àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Inú ilé kan ni gbogbo wọn ń gbé.

“Ó dúró ná, ọkọ mi,” màmá mi ní. “Ilé àwọn àna rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń gbé?”

“Yes, Grandma.”

“Láti 1969?”

Ó wo ojú ère Masuo fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ó ní sùúrù o. Àwa Ìjẹ̀bú ò ní gbà.”

Kò rọrùn láti rí Sazae-san wò lókè òkun, nítorí náà mi ò ní kà á mọ́ èyí tí mò ń ní kí ẹ wò. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìdílé ni ìpìlẹ̀ anime, kì í ṣe ìjà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la padà sí ilé kékeré tí a háyà. Ọmọ mi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ké sínú ilé pé, “Tadaima!” Màmá mi, tó ti wọlé ṣáájú wa, béèrè ohun tó sọ. Mo ní ohun tí ẹni tó ti òde dé máa ń sọ nìyẹn, pé “mo ti dé”.

“Kí wá lẹni tó wà nílé máa fèsì?”

Ọmọ ní, “Okaeri.”

“Ẹ káàbọ̀ nìyẹn!” Màmá mi pàtẹ́wọ́. “Ẹ káàbọ̀ gan-an ni! Jáde padà, kó o tún un wọlé.”

Ọmọ jáde, ó tún wọlé, ó ní “Tadaima,” màmá mi ní “Káàbọ̀, ọkọ mi.” Ní ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ti ń pa á pọ̀: “Tadaima, mo ti dé, mà.”

Ẹ wò ó dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ pàtó tó dọ́gba pẹ̀lú èyí. Àwọn tó ń kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán máa ń kọ “I’m home”, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù? Àwa ní tiwa, ojúlówó. Bí àwọn ará Japan bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní “otsukaresama”. Àwa ní “ẹ kú iṣẹ́”. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á ní “gochisōsama”. Ọmọ tiwa á ní “ẹ ṣé mà”, ìyá á sì fèsì pé “ó gba ibi ire”. Àbúrò kì í sáábà pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ lásán lọ́dọ̀ wọn, bí àwa náà ò ṣe ń pè é. Nínú My Neighbor Totoro, “ẹ̀gbọ́n” ni Mei kékeré ń pe Satsuki, ìyẹn “onee-chan”, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi “Satsuki” gbẹ̀rẹ́gẹ́ dípò rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ fi ohùn Japan sílẹ̀, kí ẹ yọ ohùn Gẹ̀ẹ́sì kúrò, kí ẹ sì jẹ́ ògbufọ̀ fúnra yín. Yorùbá yín ò ní láti pé. Tèmi gan-an, inú ìwé àti YouTube ni mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn tí mo dàgbà. Ẹ dá a dúró, ẹ sọ ọ́, ẹ tẹ̀ síwájú.

Totoro lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ yín bá wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án. Miyazaki Hayao ló darí rẹ̀ ní 1988. Ìyá wà ní ilé ìwòsàn, bàbá kó àwọn ọmọbìnrin méjì lọ sí abúlé, wọ́n sì pàdé ẹ̀dá ńlá onírun kan nínú igbó. Kò sí ọ̀tá nínú fíìmù náà rárá, ẹ wo bí ìyẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ibì kan wà tí bàbá kó àwọn ọmọ lọ síwájú igi arúgbó kan, tí wọ́n tẹríba, tí wọ́n sì kí i. Màmá mi tó jẹ́ ìyá ìjọ ní, “Ìrókò nìyẹn,” ó sì ń wò ó lọ láìsọ nǹkan mìíràn. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ iwin ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ iwin ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún àwọn òbí wa.

Igbó tó bí Totoro wà ní òkè Sayama, nítòsí Tokorozawa. Láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni àwọn aráàlú ti ń dáwó jọ láti ra igbó náà ní wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e kọ́lé. Àwa ò débẹ̀. Ghibli Museum ní Mitaka la lọ, èyí tó ṣí ní 2001. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Kichijōji, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn gba inú ọgbà Inokashira kọjá. Ibẹ̀ ni màmá mi ti rí òdòdó rẹ̀, tí ó ń já bọ́ sójú omi, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ kíyè sí i: ẹ ò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì máa ń tètè tán. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò nínú ilé, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú ọmọ mi kúrò lára fóònù mi. Fíìmù kékeré kan wà tí wọn kì í fi hàn níbòmíràn, bọ́ọ̀sì olójú ológbò sì wà tí àwọn ọmọdé nìkan lè gùn. Àgbàlagbà ń wò ni.

Ìrìn tó jinnà jù ni ti Kamiichi, ní ìpínlẹ̀ Toyama. Láti Tokyo, Shinkansen á gbé yín dé Toyama láàárín wákàtí méjì ó lé díẹ̀, ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré dé Kamiichi, lẹ́yìn náà ẹ gba takisí. Ìlú tí wọ́n bí Hosoda Mamoru sí nìyẹn, òun ló sì darí Wolf Children ní 2012. Ilé àgbẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú fíìmù náà wà níbẹ̀ ní tòótọ́, igi àti iyẹ̀pẹ̀, òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ṣí kí ẹ tó lọ.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ wò, òun ni kí ẹ wò. Hana, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, fẹ́ràn ọkùnrin kan tó jẹ́ ènìyàn tó tún jẹ́ ìkookò. Wọ́n bí ọmọ méjì, ọkọ kú, Hana sì kó àwọn ọmọ kúrò ní Tokyo nítorí pé wọ́n lè di ìkookò nígbàkigbà. Bí ojú kan bá tilẹ̀ bí wọn, igba ojú ló tọ́ wọn: baba arúgbó kan ló kọ́ Hana bí a ṣe ń gbin ọ̀dùnkún. Ọjọ́ yìnyín ni wọ́n bí ọmọbìnrin, ó ń jẹ́ Yuki, yìnyín. Ọjọ́ òjò ni wọ́n bí ọmọkùnrin, ó ń jẹ́ Ame, òjò. Mo sọ fún ọmọ mi pé bí wọ́n bá bí i sílé wa, Béjídé ni ì bá máa jẹ́. Ó fẹ́ràn ìyẹn gan-an. (Bí bàbá náà ṣe kú le lójú ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó; kó má kéré sí ọdún mẹ́sàn-án.)

Àwọn ọmọ yẹn máa yàn, ènìyàn tàbí ìkookò, mi ò ní sọ èyí tí ta ló yàn. Màmá mi bá Hana jà lórí ẹ̀. A jókòó sí etí ilé yẹn, òjò winniwinni ń rọ̀, ó ní, “Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló jẹ́ kó máa yan ohun tó fẹ́ jẹ́?” Mo ní kò sí ohun tí Hana lè ṣe sí i. Ó dákẹ́. Ó wá ní, “Nígbà tí o wà ní kékeré, olùkọ́ kan pè wá, ó ní ká má sọ Yorùbá sí ẹ mọ́, pé ó máa dà ẹ́ lórí rú. A gbà á gbọ́. Ta la jẹ́ tí a ò fi ní gba olùkọ́ gbọ́?” Kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo rò pé mi ò kàn fi ara mọ́ èdè náà ni. Ọmọ mi wà láàárín wa, ó ń jẹ ìrẹsì rìbìtì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí pé Yorùbá la fi sọ ọ́.

Díẹ̀ tó kù, kíákíá. Spy × Family, 2022: amí, apànìyàn, àti ọmọ tó ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn di ìdílé ayédèrú. Ó pani lẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè wò ó. Yasuke, 2021, lórí ọkùnrin adúláwọ̀ tó sin Oda Nobunaga ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún: ìtàn gidi tó dùn, eré tí kò dùn tó o, kì í sì í ṣe ti ọmọdé. Barakamon, 2014, fún ẹ̀yin òbí fúnra yín, pàápàá ẹni tó bá lọ sílé tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè abúlé bàbá rẹ̀.

Frieren la wà lórí rẹ̀ báyìí, apá 28 tó kọ́kọ́ jáde láàárín 2023 sí 2024. Frieren ti gbé láyé ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ó bá ọkùnrin kan rìn fún ọdún mẹ́wàá péré, nígbà tí ọkùnrin náà wá kú ló sunkún pé òun ò mọ̀ ọ́n tó. Bí apá àkọ́kọ́ ṣe parí, ọmọ mi ní ká pe ìyá àgbà lórí fídíò. Ó ní, “Grandma, kí ni iṣẹ́ bàbá yín?” Yorùbá ni o, kò sẹ́ni tó rán an.

Dírẹ́bà mọ́tò akẹ́rù ni, láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, ó sì ń gbé obì. Màmá mi ti wá dá òfin sílẹ̀: ìtàn kan fún apá kan, lọ́jọọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ò ní gbọ́ ìparí. A ti dé apá kọkànlá.