Ìsinmi Wa ní Èkó

Ẹ̀yin ará wa ní Zaria, ní ìsinmi wa ní Èkó, a kó àwọn ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn MUSON ní Oníkan lọ́jọ́ Sátidé. Ènìyàn mẹ́rin péré ló ta fáólìn ńlá àti kékeré, ìbátan gòjé. Kò sí ìlù. Akin Euba, ọmọ Èkó, kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní 1957.

Lọ́jọ́ Àìkú, a wo àfihàn àwòrán. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ti ń pe tiwa ní "Gàmbàrí" láti àná. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Zaria ni Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ti kọ́ṣẹ́ àwòrán, wọ́n dákẹ́. Ọmọ wa gbórí sókè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ fún tiyín: àjò kì í sọ ọmọ di àlejò nílé baba rẹ̀.