Kọ̀ǹpútà Kò Kú, Àṣẹ Ni Ó Tán

Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ààbò fún Windows 10, àyàfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti oníṣòwò kéékèèké ní ilẹ̀ Yorùbá kò sì kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11, tí ó ń béèrè èròjà ààbò TPM 2.0. Bọ́tìnnì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò tuntun tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára wọn kò ní ẹni tí yóò dí i mọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Linux ti wọlé. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tú u wò, kí ó sì tún un ṣe. Ubuntu àti Linux Mint rọrùn fún ẹni tí ń bọ̀ láti Windows, àtúnṣe ààbò wọn sì ń wá déédéé láìgba owó. Firefox wà fún íntánẹ́ẹ̀tì, LibreOffice wà fún lẹ́tà àti ìṣirò. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá pàápàá wà níbẹ̀, tí a fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ.

Síbẹ̀, ohun ọ̀fẹ́ náà ní ìnáwó tirẹ̀. Kò sí Photoshop fún Linux. Ìwé tí a fi Microsoft Word tò lè yẹ̀ díẹ̀ nínú LibreOffice. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn a sì máa ṣorí kunkun.

Ìlú Munich ní Jámánì tọ́ ọ wò. Ní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti kọ Windows sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 2013, kọ̀ǹpútà wọn tí ó ju 14,000 lọ ti ń lo Linux. Ní 2017, ìgbìmọ̀ kan náà dìbò láti padà sí Windows. Àwọn kan ní ìráhùn òṣìṣẹ́ ni ó fà á, àwọn mìíràn ní òṣèlú ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀rọ yá yí padà ju ìṣe ènìyàn lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹni tí ó fẹ́ ṣí kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ibòmíràn. Kí ó gbé Linux sórí fláàṣì, kí ó tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, kí ó lò ó wò láìpa ohunkóhun rẹ́. Ṣé ó rí Wi-Fi? Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dáhùn? Bí ó bá jẹ́ Photoshop ni ó fi ń jẹun, kí ó dúró níbi tí ó wà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà, ìṣirò àti íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò sí ìdí tí yóò fi gbé kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ ṣì le lọ sí ààtàn.