Wáyà Mẹ́ta ní Ajégúnlẹ̀

Tírélà wà níwájú, tánkà epo wà lẹ́yìn, àfi bí Camry mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì ní Wharf Road, Àpápá. Mo tẹ iná, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀, ó fò síwájú lójijì. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí ọkọ̀ tó bá ń fò bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn wọ abẹ́ tírélà.

Mẹkáníìkì kan létí títì ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yìí, tokunbo 1999 sì ni tèmi. Kóòdù P0120 ló jáde. Ó ní sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù, èyí tó ń sọ ibi tí mo tẹ iná dé, ti kú, kí n wá owó tí a ó fi ra òmíràn ní ọjà Ladípọ̀. Ṣùgbọ́n P0120 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ń rán sí ọpọlọ mọ́tò kò dé bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó sì lè jẹ́ wáyà tí iṣẹ́ náà ń gbà kọjá.

Mo rọra wà á nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, mo gba Boundary wọ Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá rewáyà kan tó jẹ́ Ìlàjẹ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“O ṣé, ọmọ mi. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Ó yọ púlọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì. Wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń gbé fólítì 5 wá, ọ̀kan ni áàtì, ìkẹta ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Mítà ka 5, áàtì náà dára. Ó dá púlọ́ọ̀gì padà, ó fi abẹ́rẹ́ kan wáyà ìkẹta láti ẹ̀yìn, ó ní kí n rọra tẹ iná. Láti bí ìdajì fólítì ni mítà ti ń gòkè, kò fò, kò já, títí ó fi kọjá 4. Ara sẹ́ńsọ̀ le!

Ó wá di ìdìpọ̀ wáyà mú, ó ń mì ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dé ibi tó ń gbo irin ẹ́ńjìnì, mítà já sí òdo. Ó fi í sílẹ̀, mítà padà sókè. Ó tún mì ín, ó tún já.

Ó bẹ rọ́bà wáyà fólítì 5. Bàbà inú rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti di àwọ̀ ewé, fọ́nrán bíi mélòó kan ló kù. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá gbọ̀n, tí iná wáyà náà sì já, ọpọlọ mọ́tò kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́.

Bàbá gé e, ó fi wáyà tuntun dí i, ó fi òjé jó o pọ̀, ó sì so ó jìnnà sí irin.

Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní ó kú ṣì wà lára ọkọ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó sẹ́ńsọ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú yín.