Àfọ̀njá àti èèwọ̀ Ìwéré

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá pe Àfọ̀njá Ìlọrin ní ọ̀dàlẹ̀ lásán. Èèwọ̀ ni fún Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́ bíi tirẹ̀, láti gbógun ti Ìwéré-Ilé, ìlú ẹbí Aláàfin Àjàgbó tó dá oyè náà sílẹ̀. Aláàfin Aólẹ̀, ìkejì òrìṣà, ní kó lọ jà á. Bó lọ, ó rú èèwọ̀. Bí ò lọ, ó tàpá sọ́ba. Antigone inú ìtàn àwọn Gíríìkì bọ́ sínú irú pàkúté yìí, ó fi tòrìṣà ṣáájú tọba. Àfọ̀njá àtàwọn ọmọ ogun kọ̀ láti jà á; igbá òfìfo ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí Aólẹ̀, àmì pé wọn ò fẹ́ ẹ lọ́ba mọ́. Ó ta ọfà mẹ́ta, ó gégùn-ún, ó gbé májèlé jẹ. Nígbà tí wọ́n wá pa Àfọ̀njá n'Ílọrin, òpìtàn Johnson ní ọfà ara rẹ̀ pọ̀ débi pé òkú ò lè ṣubú. Wọ́n ní ègún Aólẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé ojú Àfọ̀njá wà lára ìtẹ́, àmọ́ ní ti Ìwéré, Aólẹ̀ ló kọ́kọ́ tàpá sí àwọn òrìṣà.