Lẹ́tà Ibi Iṣẹ́ Ti Wà Nílẹ̀ Kí A Tó Jáde

Nígbà tiwa, kí ọmọbìnrin tó jáde ní kọ́lẹ́jì tíṣà, ó ti mọ ìlú tí òun yóò máa gbé lóṣù tó ń bọ̀. Ara wa kì í tíì tutù nínú ìdánwò àṣekágbá tí lẹ́tà ibi iṣẹ́ á fi dé. Nínú gbogbo ohun tó ti pòórá láti ìgbà èwe mi, òun ni mo ń ṣàárò jù.

Kọ́lẹ́jì tíṣà UMC (United Missionary College) ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn, ni mo ti kàwé. Ìjọ CMS àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1928, kí àwọn obìnrin lè rí ibi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Láti Ṣàgámù ni bàbá mi ti mú mi wá, pẹ̀lú àpótí onípákó kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sí lára. Ọdún 1960, ọdún òmìnira, la parí. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ìyáàfin Wúràọlá Ẹ̀ṣan, tí òun náà kọ́ṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé wa, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó níbẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí ìròyìn náà ṣe wú wa lórí tó.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ máa dúró dè wá kò fara sin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ tó wà nílé-ìwé kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. Ní 1955, wọ́n lé ní 800,000. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tíṣà rárá ni wọ́n ní kó dúró síwájú ọmọ. Bí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Gíréèdì Túù bá jáde, ńṣe ni wọ́n ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Wọ́n sì fi iṣẹ́ náà kọ́ wa ní tòótọ́. Bí a bá fẹ́ lọ fi kíkọ́ ọmọ dánra wò ní ilé-ìwé kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ́lẹ́jì, a ó ti kọ nóòtì sílẹ̀ lálẹ́: ohun tí ọmọ ti mọ̀, ohun tí a fẹ́ kó mọ̀, ìbéèrè tí a ó bi í. Mísì òyìnbó tó ń wò wá yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa kọ̀wé. Bí a ṣe ń lo pátákó tún jẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. A ó fẹ̀gbẹ́ sí i ni, a ò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sọ́mọ. A ó ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì kó má baà han gooro létí wọn. Ìwé kan wà tí a máa ń lẹ àwọn ègé aṣọ tí a fi kọ́ ìránṣọ mọ́: ihò bọ́tìnnì, ìṣẹ́tí, ibi tó ya tí a lẹ̀. Aṣọ funfun tí a wọ̀ lọ́jọ́ ìjáde, kálukú ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán tirẹ̀.

Abúlé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni lẹ́tà tèmi dárúkọ. Mi ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́lẹ́kájà ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé ti dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti rù mí lẹ́rù. Ìyàwó kátíkíìsì ti gbá yàrá kan, ó ti pọn omi kún ìkòkò, ó kó iṣu àti epo sí kọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó tó nilé wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mísì. Ibí náà nilé." Mo kúnlẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ọ̀nà náà há. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ilé ọkọ. Ọmọbìnrin tó bá lóyún láìtíì ṣègbéyàwó, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó fún un lóyún lè máa kọ́ni lọ ní tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Ìtọ́jú ilé ni wọ́n ní kó lọ máa kọ́ni. Ó kọ́ ọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí di òní.

Nígbà tó yá, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, Gíréèdì Túù kógbá wọlé, ìwé-ẹ̀rí NCE gba ipò rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà bá a lọ. Ìsìnrú ìlú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 nìkan ló kù tó ń rán ọmọ síbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, ọdún kan péré sì ni.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ti sìnrú ìlú tán. Fíìsíìsì ló kà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fi lọ ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ó wà nílé, ó ń fi fóònù kọ̀wé wáṣẹ́ láràárọ̀. Ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Màmá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín nígbà tí ẹ jáde ni?" Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rù ejò, mo bẹ̀rù òkùnkùn abúlé, mo bẹ̀rù pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà yóò fi ohùn Rẹ́mọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù rí pé bóyá kò sí ẹni tó nílò mi.

Mo mú un lọ bá ọkùnrin kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta lábúlé yẹn, tó ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ báyìí. Mo ní mi ò wá tọrọ owó, ọmọ ni mo mú wá. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn tí kò ní ìyá àgbà tó ṣe tíṣà ńkọ́? Mo ti gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́: kí kálukú wa wá ibi iṣẹ́ àti ibùgbé sílẹ̀ fún ọmọbìnrin kan lọ́dún, kí ó tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti jókòó sílé.