Hellcat ka ẹ̀mí awakọ̀ sí
Ohun tó wú mi lórí jù nípa Hellcat, ọkọ̀ òfurufú ogun tí Grumman ṣe fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìbọn mẹ́fà tó wà lápá rẹ̀. Irin tí wọ́n fi dáàbò bo awakọ̀ ni, àti táǹkì epo tó máa ń dí ara rẹ̀ bí ọta bá lu ú. Zero, ọkọ̀ òfurufú ogun ti Japan, fúyẹ́, ara rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n wọn ò fi ààbò wọ̀nyí sí i níbẹ̀rẹ̀ Ogun Àgbáyé Kejì. Kíá ló ń gbiná. Ọdún 1942 ni Hellcat kọ́kọ́ fò. Kí ọdún 1945 tó parí, wọ́n ti ṣe é ju 12,000 lọ. Awakọ̀ tó bá bọ̀ láàyè lónìí ló máa lè jà lọ́la. Ẹ̀mí ló ṣe kókó.