Bàtà Tó Bọ́ Lẹ́sẹ̀

Lọ́nà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, sálúbàtà bàbá àgbà kan bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ. Ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀ gbóná janjan. Ọmọ kan ló sáré mú un tẹ̀ lé wọn: "Bàbá, bàtà yín rèé o." Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó gbà. Ojú ló sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú ohun tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà mọ àmì yìí dáadáa lára ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá jà fún ìgbà pípẹ́. Iṣan ìmọ̀lára tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí á wá máa gòkè bọ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Aláìsàn á di ojú, dókítà á fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín, tó máa ń tẹ̀ bí agbára tí wọ́n fi tì í bá ti tó gíráàmù 10, kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?" Á tún lu fọ́ọ̀kì irin ẹlẹ́ka méjì, tó ń gbọ̀n nígbà 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbé ìdí rẹ̀ lé eegun àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn kan á ní ó ń gbọ̀n. Àwọn mìíràn á ní òtútù irin nìkan ni àwọn mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìrora ló ń gbé wa dé ọsibítù. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń jó bí iná á wá gba amitriptyline tàbí pregabalin, èyí tó ń dín ìrora kù, àmọ́ tí kì í jí iṣan tó ti kú. Ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti kú pátá kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Yóò ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná lọ́yẹ́, awọ á bó, òun ò sì ní mọ̀.

Kì í ṣe àtọ̀gbẹ nìkan ló ń pa ẹsẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907, torí ẹ̀tẹ̀ ni àwọn kan tí ara wọn kú ṣe ń wá gbàtọ́jú nígbà kan. Ohun mìíràn tó ń pa ẹsẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Ọṣúntòkun ṣèwádìí rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ni, ọsibítù UCH Ìbàdàn ló sì ti ṣiṣẹ́. Àwọn tó wá bá a, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, ojú àwọn kan ń ṣú, etí àwọn mìíràn ń di, ẹsẹ̀ wọn kò sì mọ ibi tó ń tẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ ṣubú bó bá di ojú láti bọ́jú láàárọ̀, torí ojú ló ti ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọṣúntòkun tọ̀ wọ́n lọ sí abúlé wọn, ó béèrè oúnjẹ wọn, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní 1968 ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Brain. Gbáàgúdá ló nàka sí: sáyánáìdì inú rẹ̀, lára ẹni tí ń jẹ ẹ́ láràárọ̀ lálaalẹ́ láìrí ẹran àti ẹja tó tó.

Mo fẹ́ràn àlàyé yìí, ó bá ojú mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùṣèwádìí kan, Oluwole, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, wọ́n rí àìsàn náà lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tí wọ́n yẹ̀ wò, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2000. Nígbà tí wọ́n wá fi àwọn aláìsàn wé àwọn tí ara wọn dá, sáyánáìdì kò tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Bóyá àìtó fítámì B kan wà níbẹ̀, bóyá nǹkan méjì ló pàdé.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láfún, ẹ kì í kánjú yọ gbáàgúdá nínú omi. Ọjọ́ mélòó kan ló máa ń rẹ níbẹ̀, omi náà sì ń fọ púpọ̀ nínú májèlé rẹ̀ dànù. Bí a kò bá gbọ́ àìsàn yìí lọ́dọ̀ yín, ṣé ìyẹn ló gbà yín ni, àbí kò tíì sí ẹni tó gbé fọ́ọ̀kì irin yẹn ká agbo ilé dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà yín? Ó wù mí kí ẹnì kan ṣe é, kó sì dúró bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ dàgbà.